Ìsásí, Àfàmu àti Ìwọ̀n Ewu: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Wíwọn Ìtànṣán-Ẹ́ksì Lára Ẹranko Kékeré Inú Iyàrá Ìwádìí

Bí a bá gbé ìròyìn ìwádìí kan nípa ìtànṣán-ẹ́ksì lé atúmọ̀-èdè tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́, “ìwọ̀n ìtànṣán” ni yóò máa kọ síbi gbogbo tí a bá ti dárúkọ iye ìtànṣán tí a lò. Àpólà yìí kúrú, ó dùn ún pè, gírámà rẹ̀ kò sì ní àbùkù. Àbùkù tí ó ní ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń wọ̀n, wọ́n sì ní òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn: ìtànṣán tí ó dé ibi tí ẹranko wà, okun tí ara ẹranko náà gbà sínú láti ara ìtànṣán yẹn, àti ewu tí irú okun bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀ lára ènìyàn. Èdè tí ó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan ṣoṣo yóò ti ẹni tí ń kà á sínú ìṣirò tí kò tọ́, bí òye olúwarẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀.

Níbi ìwádìí tí a ń fi ẹranko kékeré ṣe, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Ẹ̀lírí funfun tí ó ti dàgbà, tí a ń lò nínú iyàrá ìwádìí, kì í sábà ju gíráàmù 20 sí 30 lọ. Bí gbogbo ara agbo ẹ̀lírí bá gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀kan náà, láàrin gíréè 6 sí 9 ni iye tí yóò pa ìdajì wọn láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ sábà máa ń wà. Ibi tí ó bọ́ sí gan-an wà lọ́wọ́ ìran ẹ̀lírí náà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti irú ìtànṣán tí a lò. Ìran tí a ń pè ní BALB/c kò lè fara dà á tó ìran C57BL/6. Iye yìí ni a lè pè ní “ìwọ̀n apàdajì ọgbọ̀n ọjọ́”. Ohun tí ó mú kí ó ṣe pàtàkì ni pé ìyàtọ̀ gíréè 1 tàbí 2 péré ni ó lè wà láàrin agbo tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yè tán àti agbo tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Bí iye tí a kọ sínú ìròyìn bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí iye tí ẹranko gbà ní tòótọ́, ẹlòmíràn tí ó bá tún ìdánwò náà ṣe ní ìlú mìíràn lè pa agbo tí ó ní lọ́kàn láti wò sàn, ẹ̀mí àwọn ẹranko náà yóò sì ti ṣòfò láìsí ẹ̀kọ́ kankan tí a rí kọ́ níbẹ̀.

Orúkọ ẹranko náà pàápàá ń fẹ́ àbójútó. Yorùbá kì í ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún eku: òkété wà, ẹmọ́ wà, àfè wà, èkúté wà, ẹ̀lírí sì wà. (Asín wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹranko kò kà á mọ́ eku.) “Eku” ni orúkọ àjùmọ̀jẹ́ wọn, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí a lò ó nígbà tí ó bá ṣe pàtàkì láti mọ èyí tí a ń sọ. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú iyàrá ìwádìí: Mus musculus, tí ó kéré, àti Rattus norvegicus, tí ó lè wọn gíráàmù 200 sí 500. Ẹ̀lírí bá ti àkọ́kọ́ mu nítorí pé eku tín-ń-tín ni Yorùbá ń fi orúkọ náà pè. A sì lè fi èkúté sílẹ̀ fún èkejì. Nípọn ara wọn kò dọ́gba, nítorí náà ìtànṣán tí ó wọ ikùn ẹ̀lírí já kò níí wọ ikùn èkúté já bákan náà.

Orúkọ ìtànṣán

Wilhelm Röntgen ni ó ṣàwárí ìtànṣán yìí ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. X ni ó pè é, nítorí pé lẹ́tà yìí ni àwọn oníṣirò ń lò fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Orúkọ Röntgen fúnra rẹ̀ ni àwọn ará Jámánì fi ń pè é títí di òní, ṣùgbọ́n X ni ó tàn ká ibi púpọ̀, òun náà ni ó sì dé ilé-ìwòsàn ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn kan lè rò pé ó yẹ kí a wá orúkọ tí ó jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé, bí “ìtànṣán awòjá”, nítorí pé a fi ń wo inú ara. Orúkọ bẹ́ẹ̀ dára létí, ṣùgbọ́n kò ya ohun tí ó yẹ kí ó yà sọ́tọ̀: ìtànṣán gámà náà ń wọ ara já, ó tilẹ̀ sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ó sàn kí a dúró ti “ìtànṣán-ẹ́ksì”. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yà á kúrò lára “ẹ́ksíréè”, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nígbà tí aláìsàn bá ní wọ́n ní kí òun lọ ya ẹ́ksíréè, àwòrán ni ó ń sọ. Bí ó bá sì ní ẹ́ksíréè òun wà nílé, fíìmù ni ó ń sọ. Kò sí ẹni tí ó lè wọn ìtànṣán nínú ọ̀rọ̀ tí ó ti di orúkọ àwòrán. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ksíréè máa jẹ́ àwòrán lọ, kí ìtànṣán-ẹ́ksì sì jẹ́ ohun tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ.

Ohun kan náà ni ó kan “agbára”. Ọ̀rọ̀ yìí ti ru ẹrù púpọ̀ jù: ó ń jẹ́ ipá, ó ń jẹ́ àṣẹ, ó ń jẹ́ bí iṣẹ́ ti ń yára tó. “Okun” ni a lò níhìn-ín fún ohun tí òṣùwọ̀n júùlù ń wọ̀n.

Ìsásí àti àfàmu

Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí a ń sá èlùbọ́ sóòrùn ti ní ìpìlẹ̀ tí a nílò. Oòrùn kan náà ni ó ń ràn sórí gbogbo àgbàlá, ṣùgbọ́n ohun tí a sá síbẹ̀ kì í gbà á bákan náà: òkúta a gbóná, ewé a rọ, omi inú abọ́ a lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí oòrùn ti ń ràn sí àgbàlá ni ohun kan. Bí ohun kọ̀ọ̀kan ti gbà á sára ni ohun kejì. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe “sá sí” ni a ti lè ṣẹ̀dá “ìsásí”, gẹ́gẹ́ bí a ti ní “ìfiyèsí” láti ara “fi iyè sí”. Ìsásí ni yóò dúró fún ìtànṣán tí ó dé ibi tí a gbé ẹranko sí. Fún èyí tí ara gbà sínú, ilẹ̀ tí ń fa omi òjò mu ni ó ya ọ̀nà: “àfàmu”, tí a sẹ̀dá bí “àfikún” àti “àmúlò”. Nígbà náà, “ìwọ̀n àfàmu” ni iye okun tí kílógíráàmù kan lára ohun kan fà mu.

Ìtàn òṣùwọ̀n méjèèjì fi hàn pé àwọn onímọ̀ físíìsì pàápàá kò tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọdún 1928 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí rọ́ńgínnì, tí àmì rẹ̀ jẹ́ R, ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Stockholm. Ìtànṣán-ẹ́ksì a máa já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù, èyí tí ó kù a sì di áyọ́ọ̀nù. Rọ́ńgínnì ń wọn iye ẹrù iná tí ìtànṣán tú sílẹ̀ báyìí nínú afẹ́fẹ́. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń túmọ̀ rẹ̀ lónìí, 1 R jẹ́ 2.58 × 10⁻⁴ kúlọ́ọ̀mù nínú kílógíráàmù afẹ́fẹ́ kan. Afẹ́fẹ́ ni a ń sọ, kì í ṣe ẹran ara. Ní 1953 ni a tó dá ráàdì sílẹ̀ fún àfàmu, ní 1975 sì ni gíréè, tí àmì rẹ̀ jẹ́ Gy, gba ipò rẹ̀. Louis Harold Gray, onímọ̀ físíìsì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a fi sọ ọ́. Gíréè 1 jẹ́ júùlù 1 nínú kílógíráàmù kan, ó sì jẹ́ 100 ráàdì.

Ohun tí ó da ọ̀rọ̀ rú ni pé bí ìsásí bá jẹ́ 1 R, àfàmu inú ẹran ara tí kì í ṣe egungun súnmọ́ ráàdì 1 gidigidi. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ń fi ọ̀kan pe èkejì, ìpalára rẹ̀ kò sì hàn. Inú egungun ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Nọ́ńbà átọ́ọ̀mù kálísíọ́ọ̀mù jẹ́ 20, ti ọ́síjìn inú omi sì jẹ́ 8. Ohun tí nọ́ńbà átọ́ọ̀mù rẹ̀ ga a sì máa fa ìtànṣán-ẹ́ksì tí okun rẹ̀ kò pọ̀ mu ju èyí tí tirẹ̀ rẹlẹ̀ lọ fíìfíì. Bí okun ìtànṣán bá wà ní nǹkan bí kílóẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì 50, egungun lè fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ohun tí ẹran ara fà mu. Lábẹ́ ìtànṣán gámà ti sísíọ́ọ̀mù 137, ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Inú egungun sì ni mùdùnmúdùn wà, mùdùnmúdùn tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ó jẹ́ pé bíbàjẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó ń pa ẹ̀lírí ní ìwọ̀n apàdajì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ta jáde láti ara egungun a máa fi kún ohun tí mùdùnmúdùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbà. Ẹni tí ó bá kọ “gíréè 7” láìsọ bóyá omi, ẹran ara tàbí egungun ni òun ṣe ìṣirò rẹ̀ sí kò tíì sọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ òòjọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ iyàrá ìwádìí, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ti ń pa ẹ̀rọ sísíọ́ọ̀mù tì, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ìtànṣán-ẹ́ksì rọ́pò rẹ̀, kí ohun eléwu bẹ́ẹ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi. Ẹni tí ó bá gbé iye tí ó ń lò lábẹ́ sísíọ́ọ̀mù lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tuntun láìyí i padà yóò rí i pé ẹ̀lírí ń kú ju bí ó ti rò lọ.

Òṣùwọ̀n kẹta, sífáàtì, tí a gbà wọlé ní 1979, ni a lè pe ohun tí ó ń wọ̀n ní “ìwọ̀n ewu”. Kò yẹ kí ó wọ ìròyìn ẹ̀lírí rárá. Iye tí a fi ń sọ gíréè di sífáàtì ni a ṣètò fún dídáàbò bo ènìyàn, pàápàá lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ tí ó lè yọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó dúró lẹ́yìn ògiri ní ìwọ̀n ewu. Ẹ̀lírí inú àpótí ní ìwọ̀n àfàmu. Bí ìwé kan bá fún àwọn méjèèjì ní sífáàtì, kí olùkọ́ fura sí i.

Kóló, ère àti asẹ́

Báwo ni a ṣe ń wọn ohun tí a fà mu? Ìgbóná ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, nítorí pé okun tí ara gbà a máa di ooru. Ṣùgbọ́n gíréè 8 tí ó lè pa ẹ̀lírí kò lè mú omi gbóná ju ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ti ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan lọ. Nínú ẹ̀lírí gíráàmù 25, gbogbo okun náà kò ju júùlù 0.2 lọ. Kì í ṣe ooru ni ó ń pa á. Bí okun kékeré yẹn ti ń já àwọn ohun tín-ń-tín inú sẹ́ẹ̀lì ni.

Nítorí náà irinṣẹ́ tí a gbẹ́kẹ̀ lé jù ni èyí tí ń kó ẹrù iná áyọ́ọ̀nù jọ láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí a sé mọ́. A lè pè é ní “ìyẹ̀wù áyọ́ọ̀nù”, ṣùgbọ́n ìyẹ̀wù jẹ́ ibi tí ènìyàn ń wọ̀, èyí sì lè má tóbi ju èkùrọ́ lọ. “Kóló áyọ́ọ̀nù” bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù: ohun kékeré tí a pa lẹ́nu dé, tí ń gba owó wẹ́wẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi kà á. Àwọn tí ó bá rò pé kóló jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé kí wọ́n rántí pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé-ìwé ti mọ̀ kì í ṣe ìdènà fún ìmọ̀. Orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lé láti 1970, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀.

Kóló tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ tí ó sì ń jáde ń fẹ́ àtúnṣe kan tí kò yẹ kí olùkọ́ ilẹ̀ olóoru fojú fò. Bí a bá fi 20 ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ṣe ìpìlẹ̀ òǹkà rẹ̀, tí iyàrá sì gbóná dé 30, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò ti fẹ́ yẹ́bẹ́, èyí tí ó kù nínú kóló yóò sì fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ dín. Òǹkà yóò kéré bí kò tilẹ̀ sí ohun tí ó ṣe ìtànṣán. Ní Ìbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ̀rọ amúlétutù kò bá ṣiṣẹ́, àtúnṣe yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré.

Kóló náà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó jẹ́rìí sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra gàrí lọ́jà mọ̀ pé kóńgò kan kì í ṣe kóńgò kejì. Àwọn kan a máa ti ìdí rẹ̀ wọ inú. Bí a ti ń gbé kóńgò dé iwájú kóńgò tí gbogbo ọjà gbà, bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé kóló lọ sí ilé òṣùwọ̀n àgbà. “Ìfiwéra òṣùwọ̀n” tó fún èyí. Fún ìtànṣán tí fóòtì rẹ̀ wà láàrin 40,000 sí 300,000, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ti Amẹ́ríkà, AAPM, gbé jáde ní 2001 ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ènìyàn ni a ṣe é.

Kóló tóbi jù láti wọ inú ẹ̀lírí. Níbẹ̀ ni ère ti wúlò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí a fi rọ́pò ara nínú ìdánwò báyìí ní orúkọ tí ó tún ń jẹ́ iwin, atúmọ̀-èdè tí ó bá sì tẹ̀ lé e gọ́ọ́gọ́ yóò kọ ohun tí yóò pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rìn-ín. Yorùbá kò nílò iwin. Ère ìbejì ti kọ́ni tipẹ́ pé ohun gbígbẹ́ lè dúró nípò ara tí kò sí níbẹ̀. “Ère ẹ̀lírí” ni ike tí ó ń gba ìtànṣán bí omi, tí a ṣe ní ìrísí àti nípọn ẹranko náà, tí a sì lu ihò sí inú rẹ̀ fún irinṣẹ́.

Sínú ihò náà ni a lè fi ègé fíìmù apàwọ̀dà sí, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣú bí ó ti ń gba ìtànṣán sí, tàbí hóró lítíọ́ọ̀mù fúlóráìdì. Hóró yìí a máa fi okun ìtànṣán pamọ́. Bí a bá mú un yáná, yóò tú u sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ni a ó sì wọ̀n. “Ayánátàn” ni orúkọ tí ó bọ́ sí i lára. Ṣùgbọ́n ayánátàn a máa ṣe àsọdùn níwájú ìtànṣán tí okun rẹ̀ rẹlẹ̀, nítorí náà bí a bá ti fi kóbáltì 60 ṣe ìfiwéra rẹ̀, a kò gbọdọ̀ gba òǹkà rẹ̀ gbọ́ lábẹ́ ìtànṣán-ẹ́ksì láìtún un ṣe.

Ó ku asẹ́. Ìtànṣán tí ó ń jáde láti inú ẹ̀rọ kò ní okun kan náà. Àwọn aláìlágbára wà nínú rẹ̀ tí kò ní í kọjá awọ ẹranko. Awẹ́ bàbà tàbí alumíníọ́ọ̀mù ni a fi ń dá wọn dúró. “Asẹ́” yẹ fún un, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan: asẹ́ ògì ń dá èyí tí ó ki dúró, ó sì ń jẹ́ kí èyí tí ó kúnná kọjá, ṣùgbọ́n asẹ́ bàbà ń dá aláìlágbára dúró kí alágbára lè kọjá. Síbẹ̀ èèrí ni èèrí ń jẹ́. Ohun tí a kò fẹ́ ni ó kù lórí asẹ́ méjèèjì. Nípọn awẹ́ tí yóò dín ìsásí kù sí ìdajì ni a ń lò láti sọ bí ìtànṣán ti le tó, “nípọn adínkù-sídajì” sì ṣe é pè.

Jíjìnnà sí ẹ̀rọ náà ní ìtumọ̀. Bí ẹ̀yìn ẹ̀lírí bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí orísun ìtànṣán, tí ikùn rẹ̀ sì wà ní 32, jíjìnnà nìkan yóò mú kí ìsásí ikùn fi nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹ̀yìn, kí a tó ka ohun tí ara fà mu láàrin. Ìdí nìyí tí a fi ń yí ẹranko padà ní ìdajì àkókò, tàbí tí a ń tan ìtànṣán sí i láti òkè àti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara ní ìpele-ìpele tún ń dá ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán ni a ní lọ́kàn, nítorí náà a kì í ka ohun tí ó fi sílẹ̀ lára ẹranko. Ṣùgbọ́n yíyà kan lè fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílígíréè sílẹ̀, bí a bá sì ń yà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wo bí kókó jẹjẹrẹ ti ń dàgbà, ìtànṣán àwòrán lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo kókó náà fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ìròyìn sọ

Ní 2011, ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n ti Amẹ́ríkà, NIST, kó àwọn onímọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìròyìn ìpàdé náà tí ó jáde ní 2013 rọ àwọn olùwádìí láti máa kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀ ní kíkún. Àyẹ̀wò mìíràn tí a tẹ̀ ní 2020, tí ó wo ìròyìn ogún ọdún, rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò sọ tó ohun tí ẹlòmíràn lè fi tún iṣẹ́ náà ṣe. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ nínú èdè tí ọ̀rọ̀-ìperí rẹ̀ ti gbó, èdè tí ń ṣẹ̀dá tirẹ̀ lọ́wọ́ ní àǹfààní kan: ó lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní gbólóhùn tí ó pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán nìyí, kì í ṣe ìròyìn ìdánwò kankan:

“Ìtànṣán-ẹ́ksì onífóòtì 225,000, tí a fi asẹ́ bàbà oní-mìlímítà 0.3 sẹ́, ni a tàn sí gbogbo ara àwọn ẹ̀lírí C57BL/6. Ìwọ̀n àfàmu ní àárín ara, tí a ṣírò sí omi, jẹ́ 6 Gy. Ìyára àfàmu jẹ́ 1 Gy ní ìṣẹ́jú kan. A yí ẹranko padà ní ìdajì àkókò. Kóló áyọ́ọ̀nù tí a ti ṣe ìfiwéra rẹ̀ ni a fi wọn ìtànṣán náà nínú ère ẹ̀lírí oníke, a sì fi ayánátàn yẹ̀ ẹ́ wò.”

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí a lè yọ láìba nǹkan jẹ́. “Ní àárín ara” yàtọ̀ sí “lójú awọ”. “Ìyára àfàmu” kò ṣe é fi sílẹ̀, nítorí pé 6 Gy tí a fún ẹ̀lírí ní ìṣẹ́jú mẹ́fà yóò ṣe é ju 6 Gy tí a tẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan lọ. Sẹ́ẹ̀lì a máa rí àyè tún ara wọn ṣe bí ó bá falẹ̀. “Sí omi” ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ fẹ́ yọ, nítorí pé etí Yorùbá lè gbọ́ ọ bí ẹni pé a da nǹkan sínú omi. Bí olùkọ́ bá rí i pé ó ń ṣì wọ́n lọ́nà, “bí ẹni pé omi ni ara náà” lè rọ́pò rẹ̀. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò ṣe é ṣì gbọ́.